Ẹyẹ Ò Pé Mọ́: bí ẹ ṣe lè fi àdìrẹ ẹlẹ́kọ ṣọ̀fọ̀ odídẹrẹ́

Àdìrẹ ẹlẹ́kọ ni aṣọ tí a fi ẹ̀kọ ya àwòrán sí, kí aró má baà mú ibẹ̀. Ọ̀kan wà láyé àtijọ́ tó ń jẹ́ Ẹyẹ Pé. Ẹyẹ ló kún inú rẹ̀ bámúbámú. Jankara ni mo ti rí i, lára ìró kan tó ti gbó débi pé bí ẹ bá nà án sókè, ẹ óò máa rí oòrùn láti inú rẹ̀. Ìyá aláró tó ni ín ní kí n dárúkọ àwọn ẹyẹ tí mo ti fojú ara mi rí lára wọn. Mo dárúkọ lékeléke, mo dárúkọ ẹyẹlé, mo fi àkùkọ kún un. Mo dákẹ́.

"Ìyá, àwọn yòókù ńkọ́?"

"Ọmọ mi, ṣé èmi ni mo kó wọn jẹ ni?"

A jọ rẹ́rìn-ín ni. Ṣùgbọ́n kí ọkọ̀ mi tó gun afárá Carter tán, ẹ̀rín náà ti kúrò lẹ́nu mi. Láti ìgbà náà ni mo ti ń ṣe aṣọ kan tí mo sọ ní Ẹyẹ Ò Pé. Mẹ́rin ni mo ti ṣe. Méjì bàjẹ́, ẹnì kan ra ìkẹta, ó sì lọ fi bo tábìlì àárín pálọ̀ rẹ̀. Bí mo ṣe ṣe ìkẹrin ni mo fẹ́ sọ fún yín, láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, kí ẹ má baà ba aṣọ jẹ́ bíi tèmi.

Ẹ mọ ẹni tó kú, kí ẹ mọ ohun tó pa á

Ẹni tó bá kàn ya ẹyẹ sórí aṣọ, ọ̀ṣọ́ ló ṣe. Òkú tí a ń ṣọ̀fọ̀ rẹ̀ gbọ́dọ̀ lórúkọ. Odídẹrẹ́ ni mo mú, aláwọ̀ eérú onírù pupa, èyí tí a ń kì ní odídẹ Ìwó tí kì í kú sóko ìwájẹ. Oko ìwájẹ náà ló ti wá ń kú báyìí. Ní 2016, IUCN, àjọ tó ń ṣàkọsílẹ̀ àwọn ẹ̀dá tó fẹ́ run láyé, kà á mọ́ àwọn tó wà nínú ewu ìparun. Lọ́dún kan náà, àwọn orílẹ̀-èdè tó wà nínú CITES, àdéhùn lórí òwò ẹ̀dá inú igbó, pàdé ní Johannesburg, wọ́n fòfin de fífi odídẹrẹ́ inú igbó ṣòwò láti orílẹ̀-èdè kan sí èkejì, òfin náà sì múlẹ̀ ní oṣù Kìíní 2017. Ti Ghana ló dùn mí jù. Ìwádìí kan tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 2016 sọ pé láti 1992, bí odídẹrẹ́ bá jẹ́ 100 nínú igbó wọn, 90 sí 99 ti lọ.

Orí iye yẹn ni aṣọ wa dúró lé: àpótí 100, odídẹrẹ́ 10. Mo lè mú 99, kí ó ku ẹyọ kan ṣoṣo, ṣùgbọ́n nígbà tí mo dán an wò lórí bébà, ẹyẹ kan ṣoṣo yẹn gba gbogbo ojú. Àánú rẹ̀ ń ṣe èèyàn, èèyàn sì gbàgbé àwọn tó lọ. Mẹ́wàá tó láti jẹ́ kí ojú máa wá àwọn tó kù.

Ṣé ojú ọjọ́ tó ń yí padà ló pa odídẹrẹ́? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má purọ́ nídìí òkú. Àtè àti pańpẹ́ ló pa púpọ̀ nínú wọn, nítorí àwọn tó fẹ́ ẹyẹ tó ń sọ̀rọ̀ nínú ilé. Gígé igi ló ṣe ìkejì. Inú ihò igi ni odídẹrẹ́ ń yé sí, igi kékeré kì í sì í ní irú ihò bẹ́ẹ̀. Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ojú ọjọ́ ti wọlé, nítorí igi ńlá yẹn náà ló ń gba kábọ́ọ̀nù mọ́ra. Bí a bá gé e, tí a sun ún, ojú ọ̀run ni kábọ́ọ̀nù náà ń padà sí. Àáké kan náà ló wó ilé ẹyẹ tó tún bu kún ooru tí kò jẹ́ ká sùn ní Ṣómólú.

Bí ẹ bá fẹ́ ẹyẹ mìíràn, igún wà nílẹ̀. Láti 2015 ni wọ́n ti kà á mọ́ àwọn tó kù díẹ̀ kí wọ́n parẹ́ pátápátá. Ní Guinea-Bissau, májèlé pa èyí tó lé ní 2,000 ní nǹkan bí ọdún 2020. Àwọn àgbà wa ní a kì í pa igún, a kì í jẹ igún, a kì í fi igún bọ orí. Ẹ lọ béèrè iye tí wọ́n ń ta orí igún lọ́jà elégbòogi lónìí, kí ẹ tó fi òwe yẹn yangàn. Ṣùgbọ́n ẹ má fi àgbe sínú aṣọ ọ̀fọ̀ o. Àgbe ṣì wà láyé dáadáa, a kì í sunkún ẹni tí kò kú.

Díẹ̀ nípa ìbànújẹ́ yìí

Àwọn kan máa ń bi mí pé ṣé àgbàlagbà á máa sunkún nítorí ẹyẹ, nígbà tí epo bẹntiróòlù wọ́n. Mi ò bá wọn jiyàn. Ní oṣù Kẹjọ 2019, àwọn ará Iceland gun òkè lọ ṣe òkú yìnyín ńlá kan tó ń jẹ́ Okjökull, wọ́n sì fi àkọlé sára òkúta níbẹ̀. Ní 2003, Glenn Albrecht, ọmọ Australia, dá ọ̀rọ̀ kan sílẹ̀, solastalgia, fún àárò ilé tó ń mú ẹni tí kò kúrò nílé: ilé ló kúrò lábẹ́ rẹ̀. Ẹni tó bá mọ Bar Beach tẹ́lẹ̀, tó wá dúró síbẹ̀ lónìí, tó rí ilé gogoro Eko Atlantic lórí yanrìn tí wọ́n dà sí ojú òkun, kò nílò kí n túmọ̀ rẹ̀ fún un.

Ohun tí mo kàn fẹ́ sọ ni pé ìbànújẹ́ yìí máa ń wá ní fífẹ̀, ọwọ́ kì í ràn án. Ẹ bá a wá iṣẹ́ tó níye. Ọgọ́rùn-ún àpótí, ọwọ́ lè ràn án.

Ẹ lọ wo ẹyẹ náà láàyè

Ẹ má wo orí fóònù nìkan. Lekki Conservation Centre ni mo ti kọ́ bí a ṣe ń jókòó jẹ́ẹ́ de ẹyẹ. Igbó hẹ́kítà 78 ni, ó sì ti wà níbẹ̀ láti 1990. Ẹ lọ ní kùtùkùtù, kí àwọn tó ń wá ya fọ́tò lórí afárá onímítà 401 yẹn tó dé.

Odídẹrẹ́ fúnra rẹ̀, inú àgò ni mo ti rí i, ní ṣọ́ọ̀bù fọ́kánáísà kan ní Muṣin. Bí mo ṣe ń yọ bébà mi, ó pariwo: "Ẹ wọlé pẹ̀lú ṣéńjì yín o!" Gbogbo ohùn kọ̀ńdọ́kítọ̀ ló pé sí i lẹ́nu. Mo jókòó síbẹ̀ fún wákàtí méjì, àwọn ohun tí mo kọ sílẹ̀ sì nìyí: ojú rẹ̀ yẹ́lò, àwọ̀ funfun tí kò ní ìyẹ́ ló yí i ká, ọmọ ìka ẹsẹ̀ méjì níwájú, méjì lẹ́yìn, etí ìyẹ́ ọrùn kọ̀ọ̀kan funfun díẹ̀, bí ìgbà tí a to ìpẹ́ ẹja. Àyà rẹ̀ pá. Òun fúnra rẹ̀ ló ń fa ìyẹ́ ibẹ̀ tu, gẹ́gẹ́ bí odídẹrẹ́ inú àgò ṣe máa ń ṣe bí ìdánìkanwà bá pọ̀ fún un. Mi ò ya àyà pípá yẹn sára aṣọ. Mo gbìyànjú rẹ̀, ó le jù fún mi.

Aṣọ

Òwú funfun ni, ọ̀pá kan àtààbọ̀, tó fẹ̀ ní íńṣì 45. Balógun ni mo ti ń rà á. Aró inú ìkòkò wa kì í mú pọ́lísítà, nítorí náà ẹ fa fọ́nrán kan yọ lẹ́bàá aṣọ, ẹ ṣáná sí i. Òwú gidi á jó bíi bébà, á di eérú. Èyí tó bá yọ́, tó di kókó líle, rọ́bà ti wọ inú rẹ̀. Ẹ gba àyè lọ́wọ́ ẹni tó ń tà kí ẹ tó ṣáná o.

Ẹ fi omi gbígbóná àti ọṣẹ fọ̀ ọ́ kí táàṣì ilé iṣẹ́ lè kúrò, ẹ sá a, ẹ lọ̀ ọ́. Lẹ́yìn náà ẹ fi pẹ́ńsù fẹ́ẹ́rẹ́ pín in sí àpótí mẹ́wàá níbùú, mẹ́wàá lóròó, kí ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ íńṣì 4. Èyí tó bá ṣẹ́kù létí, etí aṣọ ni kó máa jẹ́.

Àwòrán tí a gé

Ẹ lè fi ọwọ́ ya gbogbo rẹ̀, ṣùgbọ́n ogójì ẹyẹ ni ẹ̀kọ máa kàn, mẹ́wàá tó kù láyé àti ọgbọ̀n tó ń parẹ́ lọ, ọwọ́ á sì yàtọ̀ síra. Láyé àtijọ́, páànù ni àwọn ọkùnrin Abẹ́òkúta ń gé fún irú iṣẹ́ yìí. Èmi máa ń lo fíìmù X-ray àtijọ́. Ẹ rẹ ẹ́ sínú omi tí ẹ da bílíìṣì sí, dúdú ara rẹ̀ á ṣí, á wá mọ́ kedere bíi gíláàsì. Ẹ gbé e lé àwòrán yín, ẹ fi bíléèdì tuntun gé e, kí ẹyẹ náà gùn tó íńṣì 3.

Ojú ẹyẹ ni wàhálà wà. Bí ẹ bá gé òbìrí yípo, àárín rẹ̀ á já bọ́, odídẹrẹ́ yín á di afọ́jú. Ẹ fi ìsopọ̀ tín-ín-rín méjì sílẹ̀, ọ̀kan lókè, ọ̀kan nísàlẹ̀, tó di àárín náà mú. Ẹ gé ìrù lọ́tọ̀, kí àyè díẹ̀ wà láàárín òun àti ara, nítorí ìrù ní iṣẹ́ tirẹ̀ níwájú.

Ẹ̀kọ

Láfún kọ́ọ̀bù méjì, omi kọ́ọ̀bù márùn-ún, álọ́ọ̀mù lílọ̀ ààbọ̀ ṣíbí kékeré. Ẹ fi omi tútù po láfún náà kó má ní kókó, ẹ gbé e kaná, ẹ máa rò ó títí á fi nípọn, tí á máa dán. Ẹ fi gèlè àtijọ́ sẹ́ ẹ nígbà tó ṣì gbóná. Bó bá lọ́ wọ́ọ́rọ́, ẹ dán an wò lórí àkísà: ẹ fà á, kí ojú ìlà má tàn. Bó bá tàn, omi ti pọ̀, ẹ dá a padà sórí iná.

Ìyẹ́ apá adìyẹ ni àwọn ìyá wa fi ń ya ẹlẹ́kọ, òun náà ni kí ẹ lò. Àwọn tó ń pa adìyẹ lọ́jà kò ní gba owó lọ́wọ́ yín. Ẹ fi ọṣẹ fọ̀ ọ́, ẹ gé ẹnu rẹ̀ ní ìdágẹ̀ẹ́rẹ́. Ẹ má ra ìyẹ́ odídẹrẹ́, ẹ má gba èyí tí wọ́n fi ta yín lọ́rẹ pàápàá. Ọjà tí ẹ ń sunkún rẹ̀ ni ẹ máa fi owó kún.

Títẹ̀

Ẹ na aṣọ sórí pátákó tí ẹ ti fi nylon bò. Ìlà kìíní ni àwọn tó kù láyé: ẹ tẹ ẹyẹ mẹ́wàá síbẹ̀, tara-tìrù. Ìlà kejì sí ìkẹrin, ẹ fi sẹ́lótéèpù bo ojú ìrù, ara nìkan ni kí ẹ tẹ̀. Ìlà karùn-ún sí ìkẹwàá, ẹ má fi ohunkóhun kàn án. Á ṣe yín bíi pé ẹ kò tíì parí iṣẹ́. Ẹ fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Kí ẹ̀kọ tó gbẹ, ẹ fi ṣóńṣó ìgbálẹ̀ ha ìlà ìpẹ́ ọrùn sínú rẹ̀. Bó bá gbẹ, ẹ tẹ ẹ̀kọ ẹ̀ẹ̀kejì lé e, kí ẹ sì tún ha ìlà kan náà. Ojú kan ni ẹ̀kọ ń wà, ẹ̀yìn aṣọ kò ní ní àwòrán tó mọ́. Bí ẹlẹ́kọ ṣe rí nìyẹn. Ẹ sá a sí oòrùn títí yóò fi le bíi páálí. Oṣù Keje ni mo ṣe aṣọ mi àkọ́kọ́. Òjò ká a mọ́ orí okùn nígbà tí mo lọ ra búrẹ́dì, ogójì odídẹrẹ́ sì ṣàn lọ sínú gọ́tà lójú mi. Ẹ dúró di ẹ̀ẹ̀rùn. Ṣùgbọ́n nígbà ọyẹ́, ẹ sá a síbòòji, àìṣe bẹ́ẹ̀ á sán káàkiri.

Aró

"Àgbe ló laró, kì í ráhùn aró." Àwa ni ká máa ráhùn. Aró ẹ̀lú, tí a fi ewé gígún àti omi eérú rẹ fún bí ọ̀sẹ̀ kan, kò lẹ́gbẹ́. Bí ẹ bá mọ aláró tó ní ìkòkò rẹ̀, bóyá ní Ìtokù l'Abẹ́òkúta tàbí l'Óṣogbo, ẹ gbé aṣọ yín lọ bá a, ẹ kí i dáadáa, ẹ san owó tó bá pè. Èmi ń gbé nínú ilé olójúlé mẹ́jọ, òórùn ẹ̀lú á lé mi jáde. Aró oníyẹ̀fun ni mo ń lò.

Fún gálọ́ọ̀nù omi kan: aró ṣíbí ìjẹun kan, kọ́sítíìkì (caustic soda) ṣíbí kan, haidirọ́ọ̀sì (sodium hydrosulphite) ṣíbí méjì. Ìta gbangba ni kí ẹ ti ṣe é, pẹ̀lú ìbọ̀wọ́ rọ́bà àti ìbomú. Omi ni ẹ máa kọ́kọ́ bù, kí ẹ tó máa wọ́n kọ́sítíìkì sínú rẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Bí ẹ bá da omi lé kọ́sítíìkì lórí, á ta síni lójú. Ẹ má lo abọ́ alumíníọ̀mù, kọ́sítíìkì ń jẹ ẹ́. Bọ́kẹ́ẹ̀tì rọ́bà ló dára. Omi gbígbóná díẹ̀ ni kí ẹ fi yọ́ gbogbo rẹ̀, kí ẹ tó fi omi tútù bù lé e, nítorí omi gbígbóná á yọ ẹ̀kọ yín. Bí omi náà bá di àwọ̀ ewé ọsàn, tí èèpá aláwọ̀ bàìbàì léfòó lójú rẹ̀, ó ti pọ́n.

Ẹ̀ẹ̀mẹfà ni a máa rì í. Ẹ rọra tì í wọlé láìrún un, ẹ fi sílẹ̀ fún ìṣẹ́jú márùn-ún, ẹ gbé e jáde, ẹ gbé e kọ́. Á jáde láwọ̀ ewé, á máa di búlúù lójú yín bí afẹ́fẹ́ ṣe ń kàn án. Ẹ dúró ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún kí ẹ tó tún un rì.

Láàárín rírì wọ̀nyí ni iṣẹ́ náà wà. Lẹ́yìn rírì kìíní, ẹ fi ẹ̀yìn ṣíbí ha ẹ̀kọ ìlà kẹrin kúrò. Lẹ́yìn ìkẹta, ẹ ha ti ìlà kẹta. Lẹ́yìn ìkarùn-ún, ẹ ha ti ìlà kejì. Ti ìlà kìíní, ẹ má fọwọ́ kàn án títí dé òpin. Nígbà tí ẹ bá parí, mẹ́wàá á funfun, mẹ́wàá á dà bí ojú ọ̀run àárọ̀, mẹ́wàá á ṣókùnkùn sí i, mẹ́wàá ìkẹrin á sì dà bí ẹni pé ẹyẹ kan bà síbẹ̀ rí. Nísàlẹ̀ wọn, aró lásán.

Ẹ má da omi aró tó kù sí gọ́tà. Ọ̀sà ló ń lọ. Ẹ bò ó, ẹ fi rì aṣọ mìíràn títí agbára rẹ̀ á fi tán.

Ìkódẹ

Ẹ fi omi tútù fọ aṣọ náà títí omi rẹ̀ á fi mọ́, ẹ lọ̀ ọ́. Ẹ wá mú abẹ́rẹ́ àti òwú pupa. Nínú ìkọ̀ọ̀kan àpótí 90 tó kù, ní ibi tí ìrù ì bá wà, ẹ rán ìrù pupa sí i. Ìyẹ́ 12 ló wà nídìí odídẹrẹ́, nítorí náà abẹ́rẹ́ 12 ni ìrù kan. Gbogbo rẹ̀ jẹ́ 1,080. Ẹ má rán ti àwọn mẹ́wàá òkè. Ìrù tiwọn ṣì wà lára wọn, ẹnikẹ́ni kò tíì fà á tu.

Ìdí tí mo fi ṣe bẹ́ẹ̀ ni pé ìkódẹ, ìyẹ́ ìrù pupa yẹn, kò parẹ́. Ó wà lára adé, ó wà lórí ìyàwó Ifá, ẹni tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ tẹ̀ nífá, ó wà nínú àpótí àwọn bàbá wa. Ẹyẹ tó ni ín ni kò sí. Ìyá kan tó jókòó tì mí nígbà tí mo ń rán an béèrè ohun tí pupa wẹ́wẹ́ wọ̀nyẹn jẹ́ lórí aró lásán. Mo sọ fún un. Ó gba abẹ́rẹ́ lọ́wọ́ mi, ó rán mẹ́ta, kò sì sọ nǹkan kan títí ó fi lọ.

Ẹ má ṣe ju ìrù mẹ́wàá lọ lójúmọ́. Ẹ̀yìn ọrùn yín lẹ máa fi sọ̀rọ̀ bí ẹ bá ṣe jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Bí ẹ ṣe máa gbé e kọ́

Ẹ má fi gíláàsì dè é. Ẹ fi igi tẹ́ẹ́rẹ́ há etí òkè rẹ̀, kí ó so kọ́ láàárín yàrá, kí èèyàn lè yí i ká. Ẹ kọ páálí kékeré sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀: orúkọ ẹyẹ, Ghana, 1992, iye tó lọ. Kò gbà ju ìlà mẹ́rin lọ. Bí ẹ bá fẹ́ gbé e jáde, Freedom Park tó wà ní Broad Street bá a mu lójú tèmi, nítorí ọgbà ẹ̀wọ̀n ni kí wọ́n tó sọ ọ́ di ọgbà ìgbafẹ́ ní 2010; ẹ tọrọ àyè lọ́wọ́ wọn tẹ́lẹ̀. Ẹ fi ìwé àti bírò sílẹ̀, kí olúkúlùkù kọ orúkọ ẹyẹ tó ti pẹ́ tó rí i. Ẹ má ṣàlàyé jù. Bí ẹnì kan bá ní òun fẹ́ rà á, ẹ bi í ibi tó fẹ́ tẹ́ ẹ sí.

Mo gbé tèmi lọ fi han ìyá aláró ní Jankara. Ó tẹ́ ẹ sórí itan, ó fi ìka ka àwọn funfun, ó yí ẹ̀yìn rẹ̀ wò bí wọ́n ṣe máa ń ṣe.

"Aró rẹ̀ mú. Bó bá ṣá, gbé e wá, n ó tún un rì fún ọ."

"Ìyá, ẹ̀kọ ti kúrò lára rẹ̀. Bí ẹ bá tún un rì, mẹ́wàá tó kù á wọ inú aró."

Ó tún wo ìlà òkè yẹn.

"Jẹ́ kó máa ṣá nígbà náà."